Aṣọ tí A Rà Láìfojúrí

Bí ará Òkè-Oyi bá ra aṣọ lọ́jà, yóò nà án, yóò fọwọ́ bà á, yóò gbé e sí oòrùn wò kí ó tó sanwó. Àwòrán nìkan ni ẹni tí ó rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí. Nítorí náà ni òfin ààbò oníbàárà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2018, ṣe fún un ní ẹ̀tọ́: bí aṣọ náà kò bá bá àpèjúwe rẹ̀ mu, kí ó dá a padà láàárín ìgbà tí ó bójú mu, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. ‘A kì í gba ọjà padà’ tí àwọn òǹtajà máa ń kọ kò lè borí òfin yìí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ó ti wọ aṣọ náà lọ sí òde ìyàwó? Kí oníbàárà tọ́jú rìsíìtì àti àwòrán tí ó rí. Bí òǹtajà bá kọ̀, kí ó kọ̀wé sí àjọ FCCPC ní Àbújá.