Aṣọ Ilé-Ìwé: Ọmọ Wo Ni Òfin Tuntun Yóò Tì Síta?

Ọmọ tí wọ́n dá padà lẹ́nu géètì ilé-ìwé girama ní Ìlógbò-Èkìtì nítorí pé sándáàlì rẹ̀ já, kì í ti ibẹ̀ kọjá sí ọjà lọ ra òmíràn. Ta ni yóò fún un lówó? Ilé ló ń padà sí, tàbí oko, tàbí ìsọ̀ ìyá rẹ̀, ẹ̀kọ́ ìṣirò ọjọ́ náà á sì kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, sándáàlì náà ṣì wà bó ṣe wà. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ilé-ìwé tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ bá ní òun fẹ́ tún òfin ìmúra àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a bi wọ́n ni pé: ọmọ wo ni òfin yìí yóò tì síta?

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá àti níbòmíràn láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, torí pé ọ̀rọ̀ aṣọ akẹ́kọ̀ọ́ ti kúrò ní ohun tí pírínsípà ń dá pàṣẹ rẹ̀ lórí asẹ́mbílì. Adájọ́ ti dá sí i, gómìnà ti dá sí i, àlùfáà àti àáfà ti dá sí i. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ti ṣèwádìí lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn tiwọn kì í sábà dé ìpàdé òbí àti olùkọ́.

Ẹjọ́ tó lágbára jù wá láti Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí máa wọ hìjáàbù lórí aṣọ ilé-ìwé ìjọba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 2014, ilé ẹjọ́ gíga ti Èkó dá ìjọba láre. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje 2016, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Ìjọba tún gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Àbújá, àmọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2022, adájọ́ 5 nínú àwọn 7 tó jókòó sọ pé àwọn ọmọ náà ló jàre. Ọmọ tó bá wà ní JSS 1 nígbà tí ẹjọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ti kúrò ní girama tipẹ́ kó tó parí.

Orí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ni ìdájọ́ náà dúró lé. Abala 38 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, ó sì fún un láyè láti máa ṣe ẹ̀sìn náà ní gbangba. Abala 42 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya ẹlòmíràn sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà rẹ̀. Àwọn adájọ́ kò gba yunifọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́ ilé-ìwé. Ilé-ìwé ṣì lè yan àwọ̀, kó sì yan bí wọn yóò ṣe rán an. Kódà ní 2018, nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní Àbújá, ìjọba Èkó ti kọ̀wé sí àwọn ilé-ìwé pé kí wọ́n gba àwọn ọmọ náà láyè, bí hìjáàbù wọn bá ti mọ́ tónítóní tí àwọ̀ rẹ̀ sì bá aṣọ ilé-ìwé mu. Mo gbà pé lẹ́tà yẹn gbọ́n ju gbogbo àríyànjiyàn tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ì bá ti jáde láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Kí ló kan Èkìtì nínú rẹ̀? Abala 287 nínú ìwé òfin kan náà sọ pé gbogbo aláṣẹ níbi gbogbo ní Nàìjíríà ló gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ọmọbìnrin Mùsùlùmí tó wà ní ilé-ìwé ìjọba ní Ìlógbò, ní Ùsì tàbí ní Ìfàkì kò nílò láti tún lọ pe ẹjọ́ tirẹ̀. Ní ti ilé-ìwé aládàáni, ẹjọ́ Èkó kò dá lórí wọn.

Àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wa ká ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ìdájọ́ bá jáde tí kò sí ẹni tó múra ìlú sílẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2016, Adájọ́ Jide Falola ní Òṣogbo sọ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ hìjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba l'Ọ́ṣun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni kan fi wọ aṣọ akọrin àti aṣọ ìjọ wọn wá sí Baptist High School ní Ìwó. Kwara, tó bá Èkìtì pààlà, ló rí èyí tó burú jù. Ní oṣù Kejì 2021, ìjọba ti ilé-ìwé 10 pa ní Ìlọrin nítorí hìjáàbù. Ní ọdún kejì, ọjọ́ 3 oṣù Kejì 2022, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Oyun Baptist High School ní Ìjàgbó, ẹ̀mí kan sì bá a lọ. Ẹ̀mí kan, nítorí ìbòrí!

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí irú èyí fi máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀, kó rántí pé ìjọ ló kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé náà kí ìjọba tó gbà wọ́n láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ìjọ ṣì ń wò wọ́n bí ohun ìní rẹ̀. Ìjọba ló ń san owó oṣù àwọn olùkọ́. Èkìtì kún fún irú wọn. Ìjọ Áńgílíkà ló dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó ní 1933. Orúkọ St. Louis ní Ìkẹ́rẹ́ àti Notre Dame ní Ùsì ti fi ìjọ tó bí wọn hàn. A kò tíì gbọ́ irú ìjà Ìjàgbó níhìn-ín, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àsìkò tí ara tutù yìí gan-an ló yẹ kí a kọ òfin tó yè kooro sílẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣe ń gba gbogbo ariwo yìí, owó ni mo rí i pé ó ń ti ọmọ síta jù ní ìgbèríko bíi tiwa. Ẹ jẹ́ ká kà á. Aṣọ méjì tí ọmọ yóò máa pààrọ̀, aṣọ eré ìdárayá, bàtà tàbí sándáàlì, ìbọ̀sẹ̀, bẹ̀rẹ́ẹ̀tì, báàjì tí ilé-ìwé nìkan ń tà, súẹ́tà fún ìgbà ọyẹ́ torí òwúrọ̀ máa ń tutù lórí òkè Èkìtì. Ẹni tó bí mẹ́ta yóò sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Oṣù Kẹsàn-án ni ilé-ìwé ń wọlé, bẹ́ẹ̀ oṣù Kẹwàá sí Kejìlá ni kòkó ń so jù. Télọ̀ ti ń bèèrè owó ìránṣọ kí owó kòkó tó dé. Ní oṣù Kẹwàá 2018, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí fòfin de owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ìjọba, ìdẹ̀ra ńlá sì ni fún òbí. Aṣọ kò sí nínú rẹ̀.

Kẹ́ńyà ni wọ́n ti fi ìwádìí tó dájú wo ọ̀rọ̀ yìí. David Evans àti Mũthoni Ngatia tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí àjọ kan fún ní yunifọ́ọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbò ni wọ́n fi yan àwọn tó gbà á, kí ó lè rọrùn láti fi wọ́n wé àwọn tí kò rí gbà. Pípa ilé-ìwé jẹ fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù láàárín àwọn tó gba aṣọ. Láàárín àwọn tí kò ní yunifọ́ọ̀mù rárá tẹ́lẹ̀, ó dínkù ní ìdá 55. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà lọ lẹ́yìn ọdún 8, wọn kò rí i pé àwọn ọmọ náà kàwé jìnnà ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Èyí náà gbọ́dọ̀ wọ etí wa: aṣọ ń gbé ọmọ dé kíláàsì, olùkọ́ àti ìwé ni yóò ṣe ìyókù.

Ìwádìí kejì, tí Esther Duflo, Pascaline Dupas àti Michael Kremer bẹ̀rẹ̀ ní 2003, wo ilé-ìwé 328 ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà. Ní àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ ní yunifọ́ọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ọmọbìnrin tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta dínkù láti 19 nínú ọgọ́rùn-ún sí 16. Àwọn tó lóyún dínkù láti 16 sí 13. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ oyún ọmọdébìnrin nínú ìwàásù àti lórí rédíò fara balẹ̀ wo iye yẹn. Aṣọ káákì tàbí ṣẹ́ẹ̀kì lásán ló ṣe é.

Àwọn tó gbà pé yunifọ́ọ̀mù ń mú ọmọ mọ̀wé ńkọ́? Àjọ Education Endowment Foundation ní England kó ìwádìí jọ lórí èyí, wọn kò rí ẹ̀rí tó múná pé ó ń gbé máàkì sókè. Mo ṣì fara mọ́ ọn pé kí aṣọ ilé-ìwé wà. Ó ń bo àlàfo tó wà láàárín ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, ó sì ń jẹ́ kí ará ìlú mọ ọmọ ilé-ìwé tó ń rìn gbéregbère lágogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí a máa yí i padà bó ṣe wuni. Ní Ọ̀ṣun, ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá sọ yunifọ́ọ̀mù gbogbo ilé-ìwé ìjọba di ọ̀kan ṣoṣo. Ní 2020, ìjọba Gbóyèga Oyètọ́lá ní kí olúkúlùkù ilé-ìwé padà sí tirẹ̀. Gómìnà kọ̀ọ̀kan ló ní ìdí tirẹ̀, òbí ni àtúnrán wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní England, òfin kan ti wà láti 2021 tó ní kí ilé-ìwé máa ro iye tí yunifọ́ọ̀mù ń ná òbí. Ìlànà tó tẹ̀ lé òfin náà ní kí ohun tí wọ́n fi báàjì ilé-ìwé sí mọ níwọ̀n, kí òbí sì lè rí aṣọ àlòkù rà. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti ń jogún aṣọ ara wọn nílẹ̀ wa láti ìgbà tí ilé-ìwé ti dé. Ohun tó kù ni kí ilé-ìwé gba aṣọ tó ti kéré fún ọmọ kan, kí ó sì fi fún ọmọ mìíràn láìdójú tì í.

Irun náà tún wà níbẹ̀. Ilé-ìwé mìíràn máa ń kọ orúkọ irun ọ̀sẹ̀ sójú pátákó: ọ̀sẹ̀ yìí ṣùkú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pàtẹ́wọ́ tàbí ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé wọn kò jẹ́ kí àwọn irun wọ̀nyí parun. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní ẹni tí yóò bá a dirun lọ́fẹ̀ẹ́ ń sanwó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kó yan èyí tó bá lè dì, tàbí kó gé e mọ́lẹ̀. Ti ọmọ dàda tún yàtọ̀, torí ilé púpọ̀ ní ètò tí wọ́n ń ṣe kí abẹ tó kan orí rẹ̀. Ní Gánà, Achimota School kọ̀ láti gba àwọn ọmọkùnrin méjì kan wọlé ní 2021 nítorí irun dàda tó bá ẹ̀sìn Rasta wọn rìn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga ní Accra pàṣẹ pé kí wọ́n gbà wọ́n. Olùkọ́ tó bá ń mú síṣọ́ọ̀sì wá sórí asẹ́mbílì ní Èkìtì, kó rántí Accra.

Ṣòkòtò fún àwọn ọmọbìnrin ni wọn kì í fẹ́ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ aṣọ lè dí ọmọ lọ́wọ́ láti sáré tàbí láti ṣeré. Ní 2024, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cambridge wo àkọsílẹ̀ ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ ọdún 5 sí 17, ní orílẹ̀-èdè àti agbègbè 135. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ máa fi ìṣẹ́jú 60 lóòjọ́ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná. Níbi tí yunifọ́ọ̀mù ti wọ́pọ̀, ọmọ 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ṣe tó bẹ́ẹ̀; níbi tí kò ti wọ́pọ̀, ó jẹ́ 19.5. Láàárín àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àlàfo ọkùnrin àti obìnrin fẹ̀ sí i níbi tí yunifọ́ọ̀mù wà. Ìwádìí yìí kò lè fi dáni lójú pé aṣọ ló fà á. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ọmọbìnrin tó ń fi ọwọ́ kan di síkẹ́ẹ̀tì mú lórí ọ̀kadà, tàbí tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá nígbà tí àwọn ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù, kò nílò àlàyé púpọ̀. Kí ṣòkòtò gbọ̀rọ̀ wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kí síkẹ́ẹ̀tì wà fún ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn.

Bí ilé-ìwé kan ní Ìlógbò bá fẹ́ tún òfin rẹ̀ kọ, kó wà ní ìwé, kí àwọn òbí lè kà á lédè Yorùbá, kí ìdí sì wà lẹ́yìn ohun kọ̀ọ̀kan. Ohun tí kò bá ní ìdí tí a lè sọ síta, kí wọ́n pa á rẹ́. Kí a rí ọ̀rọ̀ hìjáàbù kà níbẹ̀ kedere, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, kí olùkọ́ kan má máa gbà á kí òmíràn sì máa ṣí i lórí ọmọ. Kí ẹni tó ní aṣọ àtijọ́ lò ó títí yóò fi gbó. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ nípa ìmúra, kí wọ́n ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀, kí ọmọ sì jókòó sí kíláàsì. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí wọ́n ń ṣe ní sáà kẹta ni kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ sí, torí bó bá fi máa di oṣù Kẹsàn-án, télọ̀ ti gé aṣọ, owó sì ti jáde lápò.