BÍ A ṢE Ń PÀÀRỌ̀ BẸ́ÁRÌN ẸSẸ̀ IWÁJÚ ALÙPÙPÙ

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ìdí alùpùpù bàbá mi ní Ifakọ̀-Ìjàyè ni ó ti yé mi yékéyéké.

Honda CG 125 ni alùpùpù náà, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1976. Òun ni bàbá mi gùn lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò sì gbà kí á tà á. Ní ọdún tó kọjá, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí a bá gbé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀, tí a fi ọwọ́ méjèèjì mì ín sọ́tùn-ún sósì, tí ó sì ń yẹ̀, bẹ́árìn ti jẹ nìyẹn.

Kí ni bẹ́árìn? Òrùka irin méjì ni, ọ̀kan wà nínú èkejì, àwọn ọta irin róbótó sì wà láàárín wọn. Òrùka òde há mọ́ inú họ́ọ̀bù, ó ń bá ẹsẹ̀ yí. Òrùka inú wà lára ọ̀pá tó gba àárín ẹsẹ̀ kọjá, òun kì í yí. Bẹ́árìn méjì ló wà níbẹ̀, páìpù kékeré kan ló sì wà láàárín wọn. Nọ́ńbà tiwa ni 6301: ihò inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12, ìbú rẹ̀ lódìndì jẹ́ 37. Nọ́ńbà ni kí ẹ mú lọ sọ́jà.

Ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ tú wáyà bíréèkì àti wáyà tó ń ka eré, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ fa ọ̀pá àárín yọ, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ yọ àwo bíréèkì àti rọ́bà tó ń dí omi àti eruku. Ẹ ki irin gígùn bọ inú họ́ọ̀bù láti òdìkejì, ẹ ti páìpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí ẹ máa fi òòlù gbá bẹ́árìn níhìn-ín lọ́hùn-ún títí yóò fi jáde. Ẹ má sọ páìpù náà nù. Ẹ yí ẹsẹ̀ padà, kí ẹ lé èkejì jáde.

Ibi tí ó kàn ni mo ti kọsẹ̀. Òrùka inú ni mo gbá nígbà tí mo ń lé ti àtijọ́ jáde. Ìyẹn kò burú, nítorí a kò tún ní í lò ó mọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe gbá tuntun wọlé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ariwo fi padà. Ní ọ̀nà Ìjú, ẹsẹ̀ iwájú mì lábẹ́ bàbá mi, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú síwájú dánfó. Wọ́n ti alùpùpù náà wá sílé, wọn kò sì bá mi wí. Èyí dùn mí ju ìbáwí lọ.

Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan ní Agége. Ó fi ọwọ́ yí bẹ́árìn náà létí mi kí n gbọ́ bí ó ti ń ha. “Alákọ̀wé,” ó ní, “òrùka tó há ni à ń lù, a kì í lu èyí tó ń ṣeré.” Bí a bá gbá òrùka inú, ara àwọn ọta ni agbára òòlù ń gbà kọjá, wọn a sì dá kòtò kéékèèké sójú ọ̀nà tí wọ́n ń yí lórí rẹ̀. Kòtò wọ̀nyí ló ń kùn.

Nítorí náà, ẹ nu họ́ọ̀bù mọ́, ẹ fi gíríìsì sí bẹ́árìn tuntun tí kò bá ní ìdérí. Ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá òrùka òde mu, ẹ gbé e lé e, kí ẹ rọra gbá a títí yóò fi jókòó. Ẹ fi páìpù sí i kí ẹ tó gbá èkejì wọlé. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, bí ẹ ti ń fún nọ́ọ̀tì le ni òrùka inú méjèèjì yóò máa súnmọ́ra, bẹ́árìn yóò sì tètè jẹ. Ẹ fi rọ́bà tuntun dí i.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ṣàkíyèsí pé orúkọ irin nìkan ni mẹkáníìkì yìí yá lò. Há, ṣeré, jẹ, yẹ̀: Yorùbá ló fi ṣàlàyé gbogbo iṣẹ́ náà, ó sì yé mi. Bàbá mi ti tún ń gun alùpùpù wọn. Ní àràárọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sókè, kí n mì ín wò.