Owó Ilé ní Ṣómólú àti Bàrígà: Ibo Ni Agbára Káńsù Dé?



Nínú Súrátù Náhlì, Ọlọ́run ka ilé tí ènìyàn ń sinmi sí mọ́ ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n ní Ṣómólú àti Bàrígà, ọ̀rọ̀ ilé kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn sùn mọ́. Òṣìṣẹ́ ilé-ìtẹ̀wé, ìyá aláta àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó ní Akọkà, yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń dù. Bí owó ilé bá ti gbówó lórí, káńsù ni a máa ń bú. Ó yẹ ká mọ ohun tó wà lọ́wọ́ káńsù àti ohun tí kò sí níbẹ̀.

Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìgboro sí ìkáwọ́ gómìnà. Ní ọdún 2003, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àjọ ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí pláànù ilé. Àwọn ilé mẹ̀kúnnù tí Alhaji Lateef Jakande kọ́ láàárín 1979 sí 1983 náà, iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni.

Kí ló wá kù fún káńsù? Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 gbé ojú ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, ìdọ̀tí kíkó, nọ́ńbà ilé àti owó-orí ilé lé e lọ́wọ́. Ó tún fún un láyè láti mú ìmọ̀ràn wá nígbà tí ìpínlẹ̀ bá ń ṣètò ọrọ̀-ajé. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Káńsù tó bá ka ilé rẹ̀ dáadáa yóò mọ èyí tó ṣófo, èyí tó fẹ́ wó, àti iye ìdílé tó há sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Láìsí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, afọ́jú ni ètò ilé.

Ọdún 2003 ni wọ́n gé Bàrígà kúrò lára Ṣómólú. Ṣùgbọ́n owó ilé kò mọ ààlà. Ẹni tí owó lé kúrò ní Bàrígà yóò wá yàrá lọ sí Ṣómólú, Kòsọfẹ́ tàbí Ìkòròdú. Nítorí náà, àwọn káńsù tó múlé ti ara wọn gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀ ṣètò, kí wọ́n sì jọ gbé e tọ ìpínlẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ kan wà nílẹ̀. Láàárín 2006 sí 2013, Báńkì Àgbáyé yá Èkó ní 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ àtúnṣe ìlú. Bàrígà àti Ìlàjẹ wà lára àdúgbò mẹ́sàn-án tí wọ́n yàn láti tún ṣe. Ọ̀nà àti gọ́tà dára, ṣùgbọ́n bí àdúgbò bá ti gún régé, onílé a fowó lé owó ilé. Tí kò bá sí ètò fún ayálégbé, òun gan-an tí wọ́n torí ẹ̀ tún àdúgbò ṣe ni yóò kó ẹrù jáde.

Ààbò díẹ̀ wà nínú òfin ilé gbígbé Èkó ti ọdún 2011, tó de Ṣómólú àti Bàrígà. Onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó bá gbà á jẹ̀bi, ẹni tó san án náà jẹ̀bi: ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì oṣù mẹ́fà.

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí bi kánsẹ́lọ̀ wọn léèrè ètò ilé. Ẹni tí Ọlọ́run bá bùn nílé lè fi yàrá kan ṣe wákàfù fún opó tàbí aláìní. A sì lè fi sàká gba aláìní tí owó ilé fẹ́ lé síta. Kí onílé tó jẹ́ Mùsùlùmí rántí pé ẹni tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, amáánà ni.

Kí Ọlọ́run fi ilé ìrọ̀rùn jíǹkí wa. Àmín.