Ṣé ẹ fẹ́ lọ wo ẹja nínú òkun lásìkò ìsinmi? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kí ẹ tó sanwó òtẹ́ẹ̀lì

Ẹni tó bá ti dúró sínú òkun ní Badagry tàbí Lẹ́kì rí mọ̀ pé omi ò tíì ní dé orúnkún tí kò fi ní rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìgbì á dé, iyanrìn á rú, omi á sì dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.

Ìdí nìyí tó fi máa ń ya èèyàn lẹ́nu láti gbọ́ pé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà ni ibì kan wà tí omi òkun ti mọ́ gaara, tí àwọn àlejò ń wọ awò tó bo ojú àti imú, tí wọ́n fi ẹnu há ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń mí, tí wọ́n sì dojú bolẹ̀ lórí omi láti máa wo ẹja. Snorkelling ni wọ́n ń pe eré yìí. Orílẹ̀-èdè Cape Verde, tó ní erékùṣù mẹ́wàá, tó sì fi ohun tó lé ní 500 kìlómítà jìnnà sí etíkun Senegal, wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Àmọ́ èèyàn lè náwó dé Cape Verde kó má rí ẹja kankan. Ibi tó bá dé sí ló máa sọ.

Kí ló dé tí òkun Èkó kì í mọ́?

Odò ló fà á. Àwọn odò ń da ẹrẹ̀ sínú òkun, ọ̀sà náà ń tú tirẹ̀ sí i. Etíkun wa tún gùn gbọọrọ, iyanrìn lásán ni, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àpáta tó lè dá ìgbì dúró. Omi tó ń fa èèyàn lọ sí àárín òkun kò sì ṣe é fi ṣeré.

Ní ti Cape Verde, òkè ayọnáyèéfín ló bí àwọn erékùṣù náà, kò sí odò ńlá níbẹ̀, òjò pàápàá kì í pọ̀. Ẹ má retí òkìtì iyùn bíi ti Òkun Pupa o. Ìdí àpáta ni ẹja ń kó jọ sí níbẹ̀.

Sal tàbí Tarrafal?

Láti ìhà àríwá ìlà oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá sí Cape Verde ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Etíkun tó bá kọjú sí i máa ń ru gùdù. Èyí tó bá fara pamọ́ sẹ́yìn òkè máa ń dákẹ́.

Erékùṣù Sal ni ọ̀pọ̀ àlejò ń lọ, ìlú Santa Maria tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù rẹ̀ sì ni òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí. Ní ìlà oòrùn ìlú náà ni Kite Beach wà, níbi tí àwọn tó ń fi atẹ́gùn sáré lórí omi ń kóra jọ sí. Ní ìwọ̀ oòrùn, Ponta Preta ni àwọn tó ń gun ìgbì fẹ́ràn nígbà ọ̀tútù. Ohun tó ń dùn mọ́ àwọn méjèèjì nínú ló ń ba tẹni tó fẹ́ wo ẹja jẹ́. Nítorí náà, bí ìpolówó òtẹ́ẹ̀lì bá sọ pé "etí òkun gan-an la wà", kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n pé ẹ̀gbẹ́ wo ni.

Santa Maria fúnra rẹ̀ kò burú. Ọkọ̀ ojú omi wà, àwọn tó ń kọ́ni wà. Ṣùgbọ́n iyanrìn ló pọ̀ jù níwájú ìlú, ẹ ó sì máa sanwó ọkọ̀ kí ẹ tó dé ibi tí àpáta àti ẹja wà.

Ẹni tí kò fẹ́ máa náwó ọkọ̀ lójoojúmọ́, Tarrafal ló yẹ ẹ́ jù. Àríwá erékùṣù Santiago ló wà, nínú kọ́ńdú òkun kékeré kan tí òkè ṣíji bò. Àpáta wà létí ibẹ̀, téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn wọ omi lọ bá ẹja. Ìlú apẹja ni, òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá kò pọ̀. Láti Praia, olú ìlú orílẹ̀-èdè náà, ọkọ̀ á gba orí òkè kọjá kó tó débẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ìjọba Portugal ṣí lọ́dún 1936 wà, níbi tí wọ́n wá kó àwọn tó ń jà fún òmìnira ní Angola, Guinea-Bissau àti Cape Verde sí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló dà báyìí, ó sì yẹ ní wíwò.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ ní, ẹ mú erékùṣù kan ṣoṣo. Ìrìnàjò láti ọ̀kan sí èkejì ń jẹ àkókò àti owó.

Oṣù Kejìlá ńkọ́?

Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà máa ń gba ìsinmi, àmọ́ kò dáa tó. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹrin ni atẹ́gùn máa ń le, omi sì máa ń tutù. Ọyẹ́ tí a mọ̀ nílé náà ń dé ọ̀hún: eruku aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń bo ojú ọ̀run nígbà míì débi tí ọkọ̀ òfurufú kò ní lè fò. Láti oṣù Kẹjọ sí Kẹwàá ni òkun sábà máa ń rọlẹ̀, tí omi sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àsìkò náà ni ìjàpá òkun ń gòkè wá yé ẹyin lálẹ́, ẹ má tan iná sí wọn.

Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Cape Verde fún 90 ọjọ́, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS ni. Síbẹ̀, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú dání, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì àpadàbọ̀ àti ẹ̀rí ibi tí ẹ ó sùn. Owó escudo wọn so mọ́ owó Yúróòpù, torí náà iye tí ẹ ń ra yúrò nílé ni kí ẹ fi ṣírò ìnáwó yín.

Bí ẹ kò bá mọ̀wẹ̀ ńkọ́?

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá náà mí níbi tí omi kò ti kọjá ìbàdí, kí ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ẹ má sì dá lọ. Bí omi bá ń fà yín lọ, ẹ má bá a jà. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etíkun, títí yóò fi tú yín sílẹ̀.

Láàárọ̀, kí ẹ tó sanwó fún ọlọ́kọ̀, ẹ bi àwọn apẹja bí omi ṣe rí. Lórí afárá onígi Santa Maria ni wọ́n ti ń já ẹja wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní òkun kò dáa lónìí, ẹ padà wá lọ́la.