Èló Ni Agbára, Èló Ni Ọgbọ́n?

Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, dáìsì ló ń pín kádàrá. Adarí eré yóò ju dáìsì mẹ́ta papọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣeré, kí onítọ̀hún tó mọ bí agbára, ọgbọ́n àti ìlera ẹ̀dá tí òun fẹ́ jẹ́ nínú ìtàn ṣe tó. Ẹnìkan lè jèrè 17, kí ẹni tó jókòó tì í he 6. Wọ́n á sì jọ rin ìrìn àjò kan náà fún oṣù gbọọrọ, ọ̀kan ń pa ẹranko ńlá, èkejì ń sá sẹ́yìn igi.

Steve Jackson ti ìlú Austin, ní Texas, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Melee, eré kékeré tó ṣe lọ́dún 1977, agbára jagunjagun bẹ̀rẹ̀ láti 8, ìjáfáfá rẹ̀ náà láti 8. Pọ́íǹtì 8 mìíràn wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kó pín in bó ṣe wù ú. Bó bá kó gbogbo rẹ̀ lé agbára, á lè gbé àáké ogun tó wúwo. Àmọ́ dáìsì mẹ́ta ni yóò jù, àròpọ̀ wọn kò sì gbọdọ̀ ju ìjáfáfá rẹ̀ lọ kí àáké tó ba ọ̀tá. Pẹ̀lú ìjáfáfá 8, bó bá fi àáké náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tàsé.

Eré Champions dé lọ́dún 1981, látọwọ́ George MacDonald àti Steve Peterson ní California. Òun ló fi àbùkù ṣọjà: ẹni tó bá gbà kí ọ̀tá máa lépa ẹ̀dá òun yóò gba pọ́íǹtì kún tọwọ́ rẹ̀. Èrò tó jinlẹ̀ ni, torí àbùkù ló ń bí ìtàn. Ṣùgbọ́n aláròjinlẹ̀ kan á dé, á ní ẹ̀rù omi ń ba ẹ̀dá òun, nígbà tó mọ̀ pé aṣálẹ̀ ni ìtàn náà ti máa wáyé látòkè délẹ̀. Ó ti gbowó ọjà tí kò tà. Ìlànà Champions kò gba èyí: àbùkù tí kò bá ni ẹni lára, kò lówó lórí.

Jackson padà wá pẹ̀lú eré GURPS lọ́dún 1986. Nínú ẹ̀dà kẹta rẹ̀, ti 1988, iye kan náà ni agbára, ìjáfáfá, ọgbọ́n àti ìlera. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìjáfáfá nìkan ló gbé idà, ọfà, ẹṣin gígùn àti igi gígùn lọ́wọ́. Bó bá gòkè, gbogbo wọn ló bá a gòkè. Ta ni yóò wá náwó lé agbára? Ó di 2004, nínú ẹ̀dà kẹrin, kí wọ́n tó tún iye náà dá: agbára àti ìlera di pọ́íǹtì 10 fún ìpele kan, ìjáfáfá àti ọgbọ́n di 20.

Dungeons & Dragons náà ti fàyè gba fífi pọ́íǹtì ra agbára àti ọgbọ́n. Nínú ẹ̀dà 2014, pọ́íǹtì 27 ni. Láti 8 dé 13, ìpele kọ̀ọ̀kan ń gba pọ́íǹtì kan. 14 àti 15 ń gba méjì-méjì, kí ẹni tó fẹ́ dé góńgó lè mọ̀ ọ́n lápò.

Iye tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé kò lè mọ̀ bóyá aṣálẹ̀ ni ìtàn yóò ti wáyé tàbí orí òkun. Adarí eré ló mọ̀ ọ́n. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, á gba ìwé ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan, á mú pẹ́ńsù, á máa kà á láti òkè. Bó bá kan ẹ̀rù omi, á wo ojú ẹni tó kọ ọ́, á fa ìlà sí i, á sì gba pọ́íǹtì náà padà.