Ṣé ẹ fẹ́ sá eré orí òkè tó ju marathon lọ? Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó dé bàtà mọ́ ẹsẹ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára. Ẹ̀yin ònkàwé wa, ọ̀rọ̀ eré sísá la fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń jí sáré láàárọ̀ ní Opebi, Allen àti agbègbè Ìkẹjà títí dé Agége.

Láti ọdún 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré ẹlẹ́mìí ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Lagos City Marathon, ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó ló ti rí i pé kìlómítà 42 kì í ṣe ohun tí ẹni tó bá múra dáadáa kò lè sá. Ẹlòmíì tó bá ti sá a tán, ojú rẹ̀ á kúrò nílẹ̀. Á ní òun fẹ́ sá èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí òkè, lójú ọ̀nà igbó àti lórí àpáta. Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́kàn yín, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ohun tó máa ń gbé èèyàn láti ojú eré yìí dé ilé ìwòsàn kì í sábà jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára. Ìkánjú ni, àti omi àmujù, àti oògùn tí kò yẹ kó lò.

Irú eré wo gan-an ni?

Eré yòówù tó bá ti ju kìlómítà 42 àti mítà 195 lọ ni wọ́n ń pè ní ultramarathon. Comrades tó wà ní South Africa wà lára àwọn tó lọ́jọ́ lórí jù. Ọdún 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láàárín Durban àti Pietermaritzburg. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 90, títì ọlọ́dà ni wọ́n sì ń gbà, ṣùgbọ́n títì náà kún fún òkè. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí wọ́n ń sá yí òkè Mont Blanc ká láti ọdún 2003 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 170. Ó ń gba ilẹ̀ Faransé, Ítálì àti Switzerland kọjá, àwọn tó ń sá a sì ń sùn lójú ọ̀nà, wọ́n ń jí.

Ọ̀kan tó sún mọ́ wa nínú eré orí òkè ni ti Òkè Kamẹrúùnù, tí wọ́n ti ń sá láti ọdún 1973. Láti ìlú Buea ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á gùn ún dé orí, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Lóòótọ́, nǹkan bíi kìlómítà 40 péré ni, ṣùgbọ́n òkè náà ga tó mítà 4,095. Ooru á máa mú yín nísàlẹ̀, òtútù á sì máa gbá yín lókè. Nílé wa níbí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré Òkè Obudu ní Cross River ní ọdún 2005. Kìlómítà 11 àti díẹ̀ ni, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ ló dojú kọ òkè.

Báwo ni ará Opebi ṣe fẹ́ múra?

Kò sí òkè n'Ìkẹjà, ṣùgbọ́n afárá àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà. Afárá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2025, tó so Opebi pọ̀ mọ́ Mende àti Ojota, ẹ lè máa gùn ún kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ẹ rọra gba apá ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Bí ọ́fíìsì yín bá jẹ́ alájà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá àti mẹgáàdì, kí ẹ máa fi àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣe òkè. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ lè lọ sí Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600.

Ẹni tí kò tíì sá marathon rí, kó kọ́kọ́ sá ìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, kó fi odindi ọdún kan múra sílẹ̀. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ lé e, kí ẹ sì dín in kù ní ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́rin kí ara lè sinmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru ní àwọn ilé iṣẹ́ Ọba Akran, ẹ má ṣe ti ẹnu iṣẹ́ bọ́ sójú eré. Oorun wà lára ìmúra. Ẹ sáré kí mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín, kí ẹ sì jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, torí ààbò.

Bí òkè bá le, ẹ rìn ín. Kì í ṣe ìtìjú. Àwọn ògbóǹtarìgì náà ń rìn ín. Ẹni tó bá sáré gun òkè àkọ́kọ́ kò ní lè rìn dé orí ìkẹta.

Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń ba itan jẹ́

Ọ̀pọ̀ rò pé gígun òkè ló le jù. Mímí ni gígùn ún ń gbà, sísọ̀ kalẹ̀ ló ń jẹ iṣan. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan itan ló ń ṣe bíríkì fún gbogbo ara, ó sì ń ya wẹ́wẹ́ nínú. Ìdí nìyẹn tí itan fi máa ń dun èèyàn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ara máa ń tètè mọ́ ọn bí ẹ bá ń fi dánra wò, nítorí náà, ẹ má kàn gun àtẹ̀gùn kí ẹ wá wọ ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀.

Bí ẹ bá wá rí i lẹ́yìn eré pé ìtọ̀ yín dúdú bíi kóòkì, ẹ má dúró gba àgbo. Iṣan tó bàjẹ́ ló ń dí kíndìnrín. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Omi lè ṣe èèyàn léṣe

A mọ̀ pé ooru Èkó ń mú, a sì mọ̀ pé òùngbẹ kò dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mu omi inú ọ̀rá léraléra láìjẹ́ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ń wá wàhálà. Ṣebí ẹ mọ ọbẹ̀ tí wọ́n da omi púpọ̀ sí, tí iyọ̀ rẹ̀ kò wá tó mọ́? Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń rí. Ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Orí á máa fọ́ olúwarẹ̀, á máa bì, á máa sọ̀sọkúsọ, gìrì sì lè gbé e.

Ní ọdún 2005, àwọn dókítà gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí sárésáré 488 tó kópa nínú eré Boston, l'Amẹ́ríkà, ní 2002. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ 13 nínú 100 wọn ti lọ sílẹ̀. Àwọn tó pẹ́ jù lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì tún wúwo sí i ju bí wọ́n ṣe wà kí wọ́n tó gbéra, lọ̀rọ̀ náà bá jù. Nítorí náà, ẹ mu omi nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ yín. Ẹ gun ìwọ̀n kí ẹ tó sáré àti lẹ́yìn tí ẹ bá sá a tán. Bí ẹ bá wúwo sí i, omi ti pọ̀ jù.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tàbí kúkúǹdùnkún sísè tí ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí. Ilé ni kí ẹ ti dán an wò kí inú má baà rún yín lójú ọ̀nà.

Ẹ fi oògùn ara ríro sílẹ̀

Lọ́dọ̀ wa, bí orúnkún bá ti ń ro èèyàn, ibuprofen tàbí diclofenac ló kàn. Ẹ má lò ó kí ẹ tó sáré tàbí lójú eré. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 fi sárésáré 89 wò níbi eré kìlómítà 80. Nínú àwọn tí wọn kò fún ní ibuprofen, 34 nínú 100 ni kíndìnrín wọn fara gbá a. Nínú àwọn tí wọ́n fún, ó di 52 nínú 100.

Ẹ̀yin AS ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ AS, a kì í sì í kà á sí nǹkan kan àfi bí ìgbéyàwó bá dé. Ìwádìí 2016 lórí àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó lé ní 47,000 fi hàn pé ikú kò pa àwọn AS ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ewu kí iṣan bàjẹ́ nítorí wàhálà fi ìdá 54 nínú 100 ju ti àwọn yòókù lọ. Bí òkè bá sì ga gan-an, ìrora lè mú wọn lábẹ́ ìhà apá òsì. Èyí kò ní kí AS má sáré. Kó mọ ara rẹ̀, kó má kánjú, kó sì dúró bí ara bá ní kó dúró. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ súgà tàbí àìsàn ọkàn, ẹ rí dókítà kí ẹ tó san owó ìforúkọsílẹ̀.

Ẹni tó bá dúró ní agbede méjì òkè torí pé ojú ń ṣú u, kò jẹ́ ọ̀lẹ. Òkè náà kò ní lọ ibì kan, ẹ lè padà wá bá a lọ́dún tó ń bọ̀. Ìlera ni kò rọrùn láti padà rà. Ara yín á le o.