“Ṣé Yóò Yè É?”: Bí Dókítà Ṣe Ń Wọn Ewu Sepsis

Ní ilé-ìwòsàn Komfo Anokye ní Kumasi, bíi ti UCH Ìbàdàn, yàrá ìtọ́jú àkànṣe wà fún àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Ìbéèrè kan ni ẹbí máa ń bi dókítà níbẹ̀: “Ṣé yóò yè é?”

Sepsis wà lára ohun tó ń mú ìdáhùn ṣòro. Kòkòrò àrùn lè gba ojú egbò tàbí ilé-ọmọ wọlé. Bí ara ṣe ń bá a jà, ó lè ba kíndìnrín àti ọkàn ara rẹ̀ jẹ́.

Ní 2016, àwọn onímọ̀ gbé òṣùwọ̀n qSOFA jáde. Kò nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń wò lára àgbàlagbà: kó máa mí tó ìgbà 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí ìfúnpá rẹ̀ ti òkè má ju 100 lọ, kí ọkàn rẹ̀ dàrú. Bí méjì bá pé, ewu pọ̀. Ní 2017, wọ́n fi àkọsílẹ̀ aláìsàn láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà ṣe UVA, tó ka HIV mọ́ ọn.

Òṣùwọ̀n kì í ṣe Ifá. Kò sọ pé Lágbájá yóò kú. Ó ń sọ ẹni tó yẹ kí a kọ́kọ́ sáré tọ́jú. Bí àmì kò bá sì pé, ìyẹn ò ní kí ewu má sí.

Ẹ̀yin ará ilé, bí àgbàlagbà tó ní ibà bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má fi àgbo dúró de òwúrọ̀. Ẹ gbé e lọ sílé-ìwòsàn.